Àgbéyẹ̀wò Kóòdù R93.1: Àwòrán Ọkàn Tí Kò Rí Bó Ṣe Yẹ àti Bí Ilé Ìwòsàn Ṣe Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Láàárín ìgbà tí ẹ̀rọ bá ya àwòrán ọkàn aláìsàn àti ìgbà tí dókítà bá dárúkọ àìsàn tó ń ṣe é, àlàfo kan wà tó lè jẹ́ wákàtí mélòó kan, tó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Inú àlàfo yìí ni ilé ìwòsàn ti gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sílẹ̀, nítorí pé ìwé owó kò gba òfìfo, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ìlera àti ìṣirò àrùn ìlú kò gbà á. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀ ni kóòdù R93.1, èyí tí ìwé ìpínsísọ̀rí àrùn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ICD, yà sọ́tọ̀ fún ohun tí kò rí bó ṣe yẹ nínú àwòrán ọkàn àti ti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn. Bí kóòdù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ìdí tí àwọn kan fi ń sá fún un, àti ìdí tí àwọn mìíràn fi ń fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ níhìn-ín.

ICD kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé àìsàn alààyè. Ìwé tí Jacques Bertillon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé kalẹ̀ níwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò àgbáyé ní ìlú Chicago ní ọdún 1893 jẹ́ ti ohun tó ń pa ènìyàn, kí orílẹ̀-èdè kan lè fi iye òkú tirẹ̀ wé ti òmíràn. Ẹ̀dà kẹfà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà sọ́wọ́ ní 1948, ni àìsàn tí kò pa ènìyàn bá wọ inú ìwé náà. Ẹ̀dà kẹwàá, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1990, ni ó kó lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀ nínú kóòdù, tó sì pín gbogbo àrùn sí orí, tí iye wọn ti di méjìlélógún báyìí. Amẹ́ríkà fi àlàyé púpọ̀ kún ẹ̀dà kẹwàá yìí, wọ́n pe tiwọn ní ICD-10-CM, ó sì di dandan fún ilé ìwòsàn wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015. Ṣáájú ìgbà náà, kóòdù 793.2 ni wọ́n ń lò, èyí tó da ọkàn pọ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀yà ara tó kù nínú igbá àyà lẹ́yìn ẹ̀dọ̀fóró, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń ka ìṣirò kò lè mọ̀ bóyá ọkàn ni wọ́n ń wí.

Nínú àwọn orí méjìlélógún náà, méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Orí kẹsàn-án, tí kóòdù rẹ̀ ń fi lẹ́tà I bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n kó àwọn àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí orúkọ wọn ti dájú sí, bí ẹ̀jẹ̀ ríru, iṣan ọkàn tó dí, àti ọkàn tí kò lágbára mọ́ láti tú ẹ̀jẹ̀ jáde bó ti yẹ. Orí kejìdínlógún, tí tirẹ̀ ń fi R bẹ̀rẹ̀, ni ti àmì àìsàn àti ti èsì àyẹ̀wò tí kò tíì ní orúkọ, ìyẹn ohun tí ojú rí tí ẹnu kò tíì lè sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fi kóòdù I sí ibi tó yẹ kí R wà ti sọ ènìyàn di alárùn ọkàn lórí ìwé. Ẹni tó bá sì fi R sí ohun tí dókítà ti dárúkọ ti bo àrùn mọ́lẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò máa ń lé kiri, nítorí pé owó ni ó máa ń bá a rìn, ṣùgbọ́n ìkejì kì í pariwo, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ó ń pa aláìsàn lára jù.

Ohun méjì ni ìwé náà fúnra rẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ lábẹ́ R93.1. Èkíní ni òjìji ọkàn tí kò rí bó ṣe yẹ lórí X-ray. Èkejì ni ẹ́kò tí kò rí bó ṣe yẹ, tí ẹni tó kọ èsì kò sì ṣàlàyé kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ́kò ni àyẹ̀wò tó ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ ya àwòrán ọkàn bó ṣe ń sún kì tó sì ń tú. Àwòrán CT àti ti MRI náà ń bọ́ sábẹ́ kóòdù kan náà. Àwọn àyẹ̀wò tó ń wo iṣẹ́ ọkàn láìya ìrísí rẹ̀ kò sí níbẹ̀: ECG, tó ń ka iná mànàmáná inú ọkàn, ní R94.31 tirẹ̀, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nígbà tí aláìsàn bá ń rìn lórí ẹ̀rọ kí ọkàn rẹ̀ lè sáré sì wà lábẹ́ R94.39. Ẹni tó bá ń kánjú máa ń da àwọn wọ̀nyí pọ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ṣe ECG àti ẹ́kò lọ́jọ́ kan náà tí èsì méjèèjì sì wà nínú fáìlì kan.

Ọ̀rọ̀ òjìji ọkàn yẹ ní dídúró lé, nítorí pé X-ray àyà ni àwòrán tó rọrùn jù láti rí yà, òun náà sì ni ó tètè máa ń ṣini lọ́nà. Dókítà tó ń ka àwòrán yóò wọn ibi tí òjìji ọkàn ti fẹ̀ jù, yóò fi wé ibi tí inú igbá àyà ti fẹ̀ jù, bí ti ọkàn bá sì ju ìdajì lọ nínú àgbàlagbà, yóò ní ó tóbi. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí ní ohun tó rọ̀ mọ́. Aláìsàn gbọ́dọ̀ dúró lóòró, kó kọ àyà sí fíìmù, kí ìtànṣán gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, kó sì mí kanlẹ̀ kó tó di èémí mú. Ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ kò lè ṣe gbogbo èyí. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ lọ bá a, ìtànṣán á gba iwájú wọlé, ọkàn á jìnnà sí fíìmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji á sì fẹ̀ ju bí ọkàn gan-an ti tó lọ. Ọ̀rá tó yí ọkàn ká lè fa irú rẹ̀, èémí tí kò wọlé tó lè fà á, omi tó gbára jọ sínú àpò tó bo ọkàn náà lè fà á, nígbà tí ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ kò tóbi rárá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Nítorí náà, gbólóhùn méjì tó jọ ara wọn létí kò jọ ara wọn lójú kóòdù. Bí dókítà tó ka X-ray bá kọ ọ́ pé òjìji ọkàn fẹ̀, R93.1 ni, bí ó bá kọ ọ́ pé ọkàn tóbi, ìyẹn ti di I51.7, tí í ṣe àrùn ọkàn. Ọ̀rọ̀ kò sì tán síbẹ̀. Nínú òfin ICD-10-CM ti Amẹ́ríkà, bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn àrùn ọkàn kan bá jọ wà lára ènìyàn, wọ́n máa ń kà á sí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ìkejì, àyàfi tí dókítà bá kọ ọ́ gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀, I51.7 sì wà lára àwọn àrùn náà. Èyí já sí pé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí òṣìṣẹ́ kan ya X-ray rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹni tó kà á sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣáájú òmíràn, lè kúrò ní ẹni tó ní I10, tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru lásán, kó di ẹni tó ní I11.9, tí í ṣe àrùn ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún fi ojú kàn ọkàn rẹ̀. Àṣẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: dókítà ni ó gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀kan ni ó fa èkejì kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Lójú ẹni tó bá ro ọ̀rọ̀ náà dénú, ìlànà Àjọ ni ó sàn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú, nílé àti lẹ́yìn odi, tí àfijọ lásán fi lè sọ ogunlọ́gọ̀ di alárùn ọkàn.

Ẹ́kò kò ṣòro bẹ́ẹ̀, ó sì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ṣòro nítorí pé ohun tó ń fi hàn pọ̀, ó sì ṣe pàtó. Ó ṣòro nítorí pé nọ́ńbà inú rẹ̀ máa ń dán ẹni tó ń kọ kóòdù wò. Bí àpẹẹrẹ, èsì kan lè ní yàrá òsì ìsàlẹ̀ ọkàn fẹ̀, pé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde jẹ́ 35%, pé ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn gba fáàfù mitral, tó wà láàárín yàrá òsì òkè àti ti ìsàlẹ̀, àti pé omi díẹ̀ wà nínú àpò tó bo ọkàn. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde ni ìdá ẹ̀jẹ̀ inú yàrá yìí tí ọkàn ń lé jáde ní ìsúnkì kan. Nínú ara líle, ó máa ń ju ìdajì lọ, láti bí 52% sí 72% nínú ọkùnrin àti 54% sí 74% nínú obìnrin. Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé 40% tàbí ohun tó dín sí i ni àwọn dókítà ọkàn fi ń pààlà fún irú àìlágbára ọkàn kan, ọwọ́ rẹ̀ á sì fẹ́ kọ I50, tí í ṣe kóòdù àìlágbára ọkàn. Kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Àìlágbára ọkàn kì í ṣe nọ́ńbà. Ó jẹ́ ìdámọ̀ tí dókítà ń ṣe nígbà tó bá gbọ́ bí aláìsàn ṣe ń mí, tó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, tó wo ọrùn rẹ̀, tó sì fi gbogbo rẹ̀ wé àwòrán. Ẹni tí ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 35% lè máa rìn lọ sọ́jà láìmí hẹlẹ. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 60% sì lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àìlágbára ọkàn tí ìsúnkì rẹ̀ kò bàjẹ́.

Fáàfù tó ń jò àti omi inú àpò ọkàn yàtọ̀, nítorí pé dókítà tó ka ẹ́kò ti dárúkọ wọn láìsí iyèméjì. Nínú òfin Amẹ́ríkà, bí aláìsàn kò bá wá fún ohun mìíràn ju àyẹ̀wò lọ, tí dókítà sì ti ka èsì rẹ̀ tán, ohun tó dájú nínú èsì náà ni wọ́n ń kọ kóòdù fún, wọn kì í sì tún kọ àmì àìsàn tó jẹ́ ti àrùn náà tẹ̀ lé e. Fún ẹni tó ní irú èsì yẹn, I34.0 lè dúró fún fáàfù mitral tó ń jò, bí kò bá ti ọ̀dọ̀ ibà tó ń ba oríkèé ara àti ọkàn jẹ́ wá, kóòdù mìíràn sì wà fún omi inú àpò ọkàn. Ibi tí R93.1 ti wúlò nínú ẹ́kò ni ti ohun tí kò ní orúkọ tirẹ̀: apá ògiri ọkàn kan tí kò sún kì bíi ti àwọn tó kù, tàbí nǹkan tó ń tàn lára fáàfù tí dókítà kò lè sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ni, tàbí kòkòrò àrùn, tàbí ìṣù ara lásán, tó fi ní kí wọ́n lọ ti ọ̀nà ọ̀fun wò ó.

Ọ̀rọ̀ iyèméjì wọ̀nyí gan-an ni ó fa ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù láàárín àwọn ìlànà. Dókítà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ju bí ojú rẹ̀ ti tó lọ, nítorí náà ni èsì àwòrán fi kún fún ó ṣeé ṣe kó jẹ́, ó jọ, a fura sí, ó bá ti àrùn báyìí mu. Fún aláìsàn tó wá tó sì padà sílé lọ́jọ́ náà, ìlànà Amẹ́ríkà kọ̀ jálẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ di kóòdù àrùn. Àmì àìsàn tàbí èsì tí kò rí bó ṣe yẹ ni kí wọ́n kọ, ibẹ̀ sì ni R93.1 ti ń gba iṣẹ́. Fún ẹni tí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù, ìlànà kan náà yí padà: bí dókítà bá ṣì kọ iyèméjì náà ní ọjọ́ tí aláìsàn ń lọ sílé, wọ́n lè kọ kóòdù rẹ̀ bí ẹni pé ó ti dájú. Àwọn tó ṣe òfin náà ní ìdí tiwọn, ìyẹn ni pé iṣẹ́ àti owó tí wọ́n ná lé ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù jẹ́ ti àrùn tí wọ́n fura sí. Síbẹ̀, ó ń ya ni lẹ́nu pé gbólóhùn kan náà, láti ọwọ́ dókítà kan náà, lórí àwòrán kan náà, lè jẹ́ àrùn ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó má sì jẹ́ àrùn ní ìsàlẹ̀.

Ìlànà mìíràn tún wà fún ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù, tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kóòdù kì í tètè gbà. Èsì àyẹ̀wò tí kò rí bó ṣe yẹ kò ní kóòdù kankan àyàfi tí dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn bá sọ pé ó já mọ́ nǹkan. Kò tó pé dókítà onímọ̀ àwòrán kọ ọ́ sínú èsì. Ṣùgbọ́n bí dókítà wọ́ọ̀dù bá ti rí èsì náà, tó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò mìíràn tàbí tó kọ oògùn nítorí rẹ̀, tó sì gbàgbé láti dárúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìbéèrè sí i. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní òfin tirẹ̀, tí AHIMA àti ACDIS, ẹgbẹ́ méjì ti àwọn òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera, jọ ṣe ní Amẹ́ríkà. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nínú fáìlì, kó to ohun tó ṣeé ṣe sílẹ̀, kó fi ààyè sílẹ̀ fún òmíràn àti fún kò ṣeé sọ, kó má sì mẹ́nu kan owó. Ìbéèrè tó bá ní ẹ́kò fi 35% hàn, oògùn tó ń lé omi jáde ti wà lórí káàdì, kí ni dókítà ń tọ́jú, jẹ́ ìbéèrè tó tọ́. Èyí tó bá ní ṣé dókítà gbà kí wọ́n kọ àìlágbára ọkàn ti fi èsì sí dókítà lẹ́nu.

Kálísíọ́ọ̀mù inú iṣan ọkàn jẹ́ ẹjọ́ mìíràn, tó ń pọ̀ sí i bí ẹ̀rọ CT ṣe ń pọ̀. Ní 1990 ni Arthur Agatston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde láti fi CT ka iye kálísíọ́ọ̀mù tó ti dì mọ́ ara iṣan tó ń bọ́ ọkàn, nọ́ńbà tó bá jáde sì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Òdo túmọ̀ sí pé wọn kò rí kankan. Ìlànà àwọn dókítà ọkàn Amẹ́ríkà ti 2018 sì ka 100 sókè sí ìdí tó tó láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ohun tó wà lórí ìwé kò bá ju nọ́ńbà yìí lọ, ìyẹn kò ju R93.1 lọ. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé iṣan ọkàn ti ní àrùn ọ̀rá tó ń le, I25.10 ni, wọ́n sì lè fi I25.84 kún un láti fi hàn pé kálísíọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Ènìyàn kan náà ni, ọkàn kan náà ni, kò sí ohun tó yí padà bí kò ṣe pé dókítà gbà láti dárúkọ ohun tó ti ń fi oògùn tọ́jú. Ẹ̀bi pé aláìsàn ń lo oògùn lójoojúmọ́ nítorí R93.1 fún ọdún pípẹ́ kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀.

Owó ni ó mú kí gbogbo èyí le tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kóòdù àìsàn ni ó ń sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò, kóòdù mìíràn, tí wọ́n ń pè ní CPT, sì ń sọ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. 93306, bí àpẹẹrẹ, ni ẹ́kò kíkún tó ń fi àwọ̀ hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò fi ọ̀kan wé èkejì, bí wọn kò bá sì bára mu, wọn kì í san owó. R93.1 máa ń wúlò níbí, nítorí pé X-ray tí òjìji ọkàn fẹ̀ lórí rẹ̀ jẹ́ ìdí gidi láti ṣe ẹ́kò. Ṣùgbọ́n nínú ètò Medicare Advantage, níbi tí ìjọba ti ń san owó tó pọ̀ jù fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò lórí àgbàlagbà tí àìsàn rẹ̀ bá le, R93.1 kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó náà, àìlágbára ọkàn sì ń fi púpọ̀ kún un. Ìdánwò tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Àwọn tó ṣe ètò náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyí tí wọ́n fi fi òfin dè é pé èsì àwòrán nìkan, tí dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn kò fọwọ́ sí, kò tó ẹ̀rí láti gba owó lórí àrùn kankan. Nínú gbogbo òfin tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni ó mọ́gbọ́n dání jù.

Ní Nàìjíríà, ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera sílẹ̀ láti 1989, àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni sì ń lo ICD-10, ṣùgbọ́n ohun tó ń ti kóòdù síwájú tàbí tó ń fà á sẹ́yìn yàtọ̀. Ètò ìdójútòfò ìjọba, tí òfin 2022 yí orúkọ rẹ̀ padà sí NHIA, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà àpò aláìsàn ni owó ẹ́kò ti máa ń jáde. Ibi ìyàwòrán aládàáni ni yóò ti lọ ṣe é, wọn á fi èsì àti fíìmù sínú àpòòwé ńlá fún un, ilé rẹ̀ ni àpòòwé náà yóò sì máa gbé. Bí ó bá pààrọ̀ ilé ìwòsàn, tàbí tí àpòòwé náà bá sọnù nígbà tó kó kúrò nínú ilé, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Níbi tí Amẹ́ríkà ti ń jà pé kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà lásán dárúkọ àrùn, ìṣòro tó wọ́pọ̀ nílé ni pé wọ́n ń dárúkọ àrùn láìsí àwòrán rárá. Dókítà yóò gbọ́ àyà, yóò wo ẹsẹ̀ tó wú, yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò sì kọ lẹ́tà mẹ́ta, CCF (àìlágbára ọkàn) tàbí HHD (àrùn ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà), sórí káàdì. Ẹni tó wà ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀ yóò wá kóòdù fún lẹ́tà mẹ́ta náà, ohun tí aláìsàn ní gan-an kò sì ní hàn nínú ìṣirò.

Àwọn dókítà tó ń kọ lẹ́tà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kì í sábà jìnnà sí òótọ́. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ọkàn tí àwọn dókítà ṣe ní Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa àìlágbára ọkàn nínú nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn. Nínú ìwádìí THESUS-HF, tó kó orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà pọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2012, ó sún mọ́ ìdajì. Ẹni tó bá kọ HHD láìṣe ẹ́kò lè jàre lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tí kò jàre lórí wọn ni ọ̀rọ̀ kàn: ìyálọ́mọ tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí O90.3 wà fún, ọ̀dọ́ tí ibà ti ba fáàfù rẹ̀ jẹ́, ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti da omi sí àpò ọkàn rẹ̀. Oògùn àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan náà, bí gbogbo wọn bá sì wà lábẹ́ I11.0, tí í ṣe àrùn ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà pẹ̀lú àìlágbára ọkàn, nínú ìwé, ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní mọ iye ẹ̀rọ ẹ́kò tó yẹ kó rà àti ibi tó yẹ kó gbé e sí. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, R93.1 ìbá jẹ́ ìtẹ̀síwájú, torí pé ó kéré tán ó fi hàn pé ẹnì kan ti ya àwòrán, àti pé ẹni náà kò mọ̀ ju bó ṣe sọ lọ.

ICD-11, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2019 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, kò pa ààyè yìí rẹ́. Orí kan ṣì wà níbẹ̀ fún àmì àìsàn àti èsì tí kò ní orúkọ, ohun tó fi kún un ni pé ènìyàn lè so kóòdù pọ̀ mọ́ kóòdù, kí ọ̀kan sọ ohun tí wọ́n rí, kí èkejì sọ ibi tó wà lára ọkàn tàbí bó ti le tó. Èyí dára, àmọ́ yóò wúlò níwọ̀n ìgbà tí dókítà bá kọ ohun tó ṣeé so pọ̀. Bí èsì kò bá sọ ju pé ẹ́kò kò dára lọ, kò sí ẹ̀dà ICD tó lè mú òye jáde nínú rẹ̀.

Nípa R93.1 fúnra rẹ̀, ìdájọ́ tó bójú mu ni pé kóòdù òtítọ́ ni, tó sì jọ ẹjọ́ tí adájọ́ sún síwájú: ó tọ̀nà bí ọjọ́ mìíràn bá wà fún ẹjọ́ náà, ó sì di ìwà àìṣòdodo bí ẹnikẹ́ni kò bá padà wá. Kò yẹ kó wà lórí fáìlì ènìyàn kọjá àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, nítorí pé lẹ́yìn àyẹ̀wò náà, yálà wọ́n ti rí orúkọ àrùn, tàbí wọ́n ti rí i pé kò sí àrùn, ọ̀kan nínú méjèèjì sì yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Ojúṣe dókítà ni èyí kó tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ kóòdù, torí pé òṣìṣẹ́ kóòdù kò lè kọ ohun tí dókítà kò kọ.

Aláìsàn náà ní ipa tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹrin ọdún 2021, òfin ti fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti rí èsì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kété tó bá jáde, nígbà mìíràn kí dókítà rẹ̀ tó rí i, ọ̀pọ̀ sì ni àyà rẹ̀ ti já lórí ohun tí kò ju òjìji tó fẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí R93.1 lórí ìwé tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀ kò ní ìdí láti bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kó má ṣe padà sílé láìbéèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ dókítà: kí ni wọ́n rí gan-an, àyẹ̀wò wo ni yóò sọ orúkọ rẹ̀, àti ọjọ́ wo ni wọn yóò ṣe é.